Ológbò Kọ́ Ló Jẹ Wàrà

Ògbóòrò,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1981.

Àdìjátù ọmọ mi, Àjọkẹ́,

Dókítà fi ìka kan orókún mi, ó ní èyí. Ó na ìka kan náà sí ojú mi tó pọ́n bí ẹ̀yin iná, ó ní àti èyí. Ó wá rọra nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ikùn mi, kò kàn án o, ó ní àti ìtọ̀ tí ẹ ní ó ń ta yín. Ó ní bàbá, àìsàn mẹ́ta kọ́ ló ń ṣe yín, ẹyọ kan ni, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà wọlé. Àjọkẹ́, ó dà bí ẹni tó ti ń wá ewúrẹ́ mẹ́ta láti àárọ̀, tí wọ́n wá sọ fún un pé ewúrẹ́ kan náà ló ń yọ sí ojúlé mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ara mi ti kọ́kọ́ yé mi. Ibẹ̀ náà ni òógùn ti bò mí, nítorí mo mọ ọ̀nà tí nǹkan náà gbà wọlé. Ẹnu èmi fúnra mi ni.

Má bínú pé n kò tíì kí ọ, ọ̀rọ̀ náà ló ń tì mí lẹ́yìn. Àsàláàmù àlékùm. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé Ìbàdàn ń tù ọ́ lára, ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kì í jágbe mọ́ ọ? Bí o bá jáde láàárọ̀, àánú ni wàá bá pàdé, bí o bá wọlé nírọ̀lẹ́, ayọ̀ ni wàá bá nílé. Orókún rẹ kò ní mọ ohun tí orókún mi mọ̀. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n sì kọ òtítọ́, òun á ní kí ẹlòmíràn ka ìwé náà sí òun létí kí n tó lẹ̀ ẹ́.

Wàá ti rí i pé ọwọ́ mi ló kọ lẹ́tà yìí, kì í ṣe ọwọ́ Jẹ́ẹ́dé akọ̀wé. Ọwọ́ Jẹ́ẹ́dé dáa, kò sírọ́ níbẹ̀, àmọ́ kí tàdáwà tó gbẹ ni gbogbo Ògbóòrò ti máa ń mọ ohun tó wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ tèyí kò ṣe é gbé fún un. Ìdí nìyí tí ìwé yìí fi rí wọ́gọwọ̀gọ bí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ. Olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní mo ń gbìyànjú, ó ní ó kù díẹ̀ kí n mọ̀wé. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tí ó ti kù díẹ̀.

Ilé dáa. Ọkà bàbà ti ń yọrí. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì. Eku ń jẹ wá ní àgbàdo nínú àká, ìdí rẹ̀ wà níwájú nínú ìwé yìí, má kánjú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ìparí oṣù kẹjọ, ìyá rẹ ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó máa ń kiri kọjá lójúlé wa. A jẹ níbẹ̀, ó ṣẹ́kù, ó wà nínú abọ́ títí ó fi di ọjọ́ kẹta, nínú ooru tí o mọ̀ yìí. Ìyá rẹ gbóòórùn rẹ̀, ó yínmú, ó ní wàrà yìí ti bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, òun ń lọ pọnmi, bí òun bá dé òun á dà á nù. Àjọkẹ́, o mọ̀ mí. N kò lè jókòó kí wọ́n máa gbé oúnjẹ lọ sórí ààtàn níṣojú mi. Mo ní ṣebí mílíìkì tó ti dì náà ni wọ́n ń pè ní wàrà, kí ló tún kù tó fẹ́ bàjẹ́ níbẹ̀? Mo bu ata lé e, mo jẹ ẹ́ tán. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni mo wá rántí ẹnu ìyá rẹ. Mo bá dojú abọ́ délẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ológbò tó ń sùn, mo fi omi wàrà tó kù kan imú rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ dé láti odò, ológbò ń lá ẹnu. Ilé ẹjọ́ wo ni kò ní dá a lẹ́bi? Ìyá rẹ nà án, kò tán síbẹ̀, ó gbé e fún Ládòkun, ọ̀rẹ́ mi tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ó ní òun kò lè bá olè gbé. Èmi náà jókòó sórí àpótí, mo ń mi orí, mo ń sọ pé olè jíjà kò dáa.

Lọ́jọ́ kejì mo gba oko lọ. Inú abà ni inú mi ti dà rú. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, n kò rí ìdí jókòó. Igbó ẹ̀yìn abà wa yẹn, mo mọ ewé inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí. Nígbà tó rọlẹ̀, mo fọ aṣọ mi lódò, mo wálé. Ìyá rẹ ní mo rù. Mo ní iṣẹ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni àáró kan oko Ládòkun. O rántí pé àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe àáró, èmi, Ládòkun àti Àríyọ̀. A óò kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, a óò kọ ọ́ lóko ẹnì kejì bó bá tún yí ká, ẹni tí wọ́n bá sì ti ṣe tirẹ̀ kò gbọdọ̀ má ṣe ti ẹnì kejì rẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ ti ń wọ́ mi, mo ń gbẹ́yìn wọn. Ládòkun bojú wẹ̀yìn, ó ní Bàbá Àdìjá, orókún yín mà ti dàgbà jù yín lọ o. Àríyọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ mọ́, orókún mi ti wú bí bàrà, gìgísẹ̀ mi kò ṣe é tẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú mi pọ́n, mo lọ tọ̀, ó ta mí bí ẹni tó tọ ata.

Ta ni kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Èèyàn dárúkọ orókún lọ́sàn-án, orókún wú láàárọ̀. Mo ní Ládòkun ti fi ẹnu pa mí. Ìyá rẹ ní ṣebí àwàdà ló ṣe. Mo ní àwàdà wo ló ń wú?

Ọjọ́ kẹta ni àáró kan oko tèmi. Ládòkun àti Àríyọ̀ yọ sí mi láàárọ̀ kùtù, ọkọ́ léjìká. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú, mo fi ẹsẹ̀ kan dúró bí lékeléke, mo pariwo kí gbogbo agboolé lè gbọ́ pé ẹni tó fi ẹnu ba orókún mi jẹ́ kò ní fi ọkọ́ ba ilẹ̀ mi jẹ́. N kò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi. Mo tún un sọ nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde síta. Ládòkun wo orókún mi, ó wo ojú mi, ó ní ó dáa, Bàbá Àdìjá, ẹ kú ìnira. Ó gbé ọkọ́ sí èjìká kejì, ó lọ. Àríyọ̀ tẹ̀lé e.

Bí oko mi ṣe wà láìní ebè kan ṣoṣo nìyẹn, tí òjò sì ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. O mọ ilẹ̀ apá ọ̀dọ̀ wa. Bí òjò bá ti lọ báyìí, ilẹ̀ á le bí ìgànná, ọkọ́ á máa ta padà. Ẹni tí kò bá kọ ebè ṣáájú ìgbà náà, iṣu ẹlòmíràn ni yóò máa kí lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo fi òrí pa orókún títí òrí ilé fi tán. Ẹnì kan ní ká sín gbẹ́rẹ́ sí i, ìyá rẹ ní ẹni tó bá gbé abẹ wá yóò kọ́kọ́ fi ya òun. Ó gbé mi sínú ọkọ̀ akóṣu, ó di ilé ìwòsàn Ṣakí.

Mo rò pé bàbá arúgbó onígíláàsì ni yóò wò mí. Àfi ọmọbìnrin tí kò jù ọ́ lọ, Dókítà Adéwùmí, ó sì mọ̀wàá hù, ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ. Ó ní kí n lọ ya fọ́tò. Inú mi dùn, n kò ya fọ́tò láti ìgbà ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Mo gba fìlà mi lọ́wọ́ ìyá rẹ, mo fi omi pa ojú, mo jókòó bí ọba, wọ́n wá ní kí n dùbúlẹ̀. Nígbà tí fọ́tò jáde, orí kò sí, fìlà kò sí, ẹran ara gan-an kò sí, àfi egungun lórí ilẹ̀ dúdú. Mo ní èyí kì í ṣe èmi. Ẹni tó yà á ní ẹ̀yin ni, bàbá. Dókítà gbé e sójú iná, ó wò ó títí, ó ní kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Àṣé ìròyìn ayọ̀ ló ń sọ, pé egungun kò dá, kò sì jẹrà.

Wọ́n fún mi ní ìgò kan tí kò ju ìgò lọ́fínńdà lọ, wọ́n ní kí n tọ̀ sí i. Ó tì mí lójú kí n fi ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba. Mo tọ̀ ọ́ kún ike tí a fi pọn omi mímu wá láti ilé, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún nọ́ọ̀sì. Ó ní bàbá, èyí mà pọ̀ o. Mo ní kó fi ìyókù pamọ́ de aláìsàn tí kò bá rí tọ̀.

Ìgbà náà ni dókítà fi ìka kan mí níbi mẹ́ta tí mo sọ yẹn. Ó ní ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí orókún tó wú, ṣé inú kò rún yín, ṣé ẹ kò ṣe ìgbẹ́ gbuuru? Mo wo ìyá rẹ. Mo ní rárá, inú mi kì í ṣe irú ẹ̀. Ó ní ẹ rò ó dáadáa. Mo ní mo ti rò ó kí ẹ tó béèrè. Dókítà wá fi bírò lélẹ̀, ó ń wo tábìlì, ó ní kí n má bínú, ọ̀nà méjì ni àìsàn yìí sábà máa ń gbà wọlé. Bí kò bá ti ibi ìgbẹ́ gbuuru wọlé, a jẹ́ pé àtọ̀sí tàbí ẹbí rẹ̀ ni, èyí tí èèyàn ń kó lára obìnrin. Ó ní bàbá, ṣé ẹ bá obìnrin kan pàdé lóde ni?

Fáànù òkè nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ yí orí sí mi díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ó ní dókítà, ẹ má bi í mọ́, ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀. Àjọkẹ́, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, n kò rí ojú yẹn rí. Mo ní wàrà ni. Dókítà ní báwo? Mo ní wàrà ni obìnrin náà. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ tún fẹ́ burú sí i, mo ní kì í ṣe obìnrin tó ń jẹ́ Wàrà o, wàrà tí wọ́n ń jẹ ni, tó di ọjọ́ kẹta. Mo kà á pátá, ata, abọ́, imú ológbò, ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú igbó ẹ̀yìn abà. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá, ayọ̀ hàn lójú rẹ̀ bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó sọnù. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá rẹ ni pé, mo na ológbò yẹn.

Dókítà wá ṣàlàyé. Ó ní kòkòrò tí ojú kò lè rí ló wà nínú wàrà yẹn, ó wọnú ikùn mi. Ara mi ní àwọn ṣọ́jà tirẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n bá kòkòrò jà, wọ́n ṣẹ́gun. Àmọ́ nígbà tí ogun parí, àwọn ṣọ́jà náà kò padà sí bárékè. Wọ́n rìn dé orókún, wọ́n rìn dé ojú, wọ́n rò pé ọ̀tá ló wà níbẹ̀, wọ́n ń yìnbọn. Ó yé mi yékéyéké, nítorí ṣọ́jà mélòó kan wà tí a mọ̀ lẹ́yìn ogun tí àwọn náà kò tètè mọ̀ pé ó ti parí. Mo bi í pé ta ni ọ̀gá wọn, kí n lè fi ìwé pè wọ́n padà. Ìyá rẹ ní ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ẹ má dààmú, àwọn ṣọ́jà náà jọ ẹni tó ni wọ́n, ẹni tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan ni wọ́n ń bá jà.

Mo wá sọ ti ẹnu Ládòkun fún dókítà. Dókítà ní kò sí ẹnu èèyàn nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí Ládòkun bá ya odi lọ́jọ́ yẹn, orókún náà á wú. Ó ní ti ọ̀pọ̀ èèyàn a máa lọ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ti ẹlòmíràn a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá sì tún lọ ṣe ìgbẹ́ gbuuru, ó lè padà wá. Bí orókún bá gbóná, kí n sinmi, kí n fi aṣọ tútù lé e. Bó bá rọlẹ̀, kí n máa nà án, kí n máa ká a, díẹ̀díẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó má baà gan. Ẹ̀bá ẹní ìkírun ni mo ti ń ṣe é, nítorí Àáfà ní kí n máa jókòó kírun ná. Àwáwù ará ojúlé kejì yọjú, ó rí mi lórí ilẹ̀ tí mo na ẹsẹ̀ sókè, ó lọ ń sọ kiri pé Bàbá Àdìjá ti gba ìrun tuntun.

Dókítà ní bí ojú bá ń dùn mí tàbí tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gún un, kí n má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi, kí n máa bọ̀ kíá. Ọjọ́ ọ̀hún wà nínú káàdì. Mo bẹ nọ́ọ̀sì kó kọ Inṣáálà sí i, kó má baà dà bí ẹni pé àwa la ni ọ̀la. Ó kọ ọ́. Ó tún ní kí n máa fi ọṣẹ fọwọ́ bí mo bá ti ẹ̀yìnkùlé dé àti kí n tó jẹun. Mo ní àlùwàlá ńkọ́, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́? Ó ní àlùwàlá dáa, kí n fi ọṣẹ kún un.

Oògùn tí wọ́n fún mi, lẹ́yìn oúnjẹ ni mò ń lò ó, kó má baà jẹ mí níkùn. Ó dà bí akèrègbè kékeré méjì tí wọ́n ki ẹnu bọ ara wọn. Mo máa ń ṣí i, mo ń da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú ẹ̀kọ, mo sì ń tọ́jú akèrègbè. Nígbà tí mo padà lọ, mo dì wọ́n sínú aṣọ, mo kó wọn fún nọ́ọ̀sì pé mo ti lo ti inú wọn, kí ó rọ òmíràn sí i. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní bàbá, tòun tèèpo lẹ ń gbé mì. Mo ní ta ló fẹ́ mọ̀, nígbà tí wọ́n ṣe é lẹ́wà báyẹn.

Orókún ti ń rọlẹ̀, àlùbáríkà ni. Lánàá mo fi ọ̀pá tẹ̀ dé oko, kí n lọ wo ibi tí ebi ọdún tó ń bọ̀ yóò ti wá. Àjọkẹ́, mo bá ebè níbẹ̀. Láti ààlà títí dé ìdí igi ẹmi tí a ti ń rí òrí, tó wà láàárín oko, ìdajì ilẹ̀ náà. Kí n tó sún mọ́ ọn ni mo ti mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ládòkun, ebè rẹ̀ máa ń fì sápá kan bí fìlà ẹni tó ń kánjú. Kò gba ojúlé mi kọjá, kò sọ fún mi, ó kàn ń san àáró tí mo bá a ṣe, fún ọ̀rẹ́ tó pè é ní aṣebi níta gbangba. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ ti ìdí igi ẹmi náà, èèkù sókè. Láti kékeré ni mo ti mọ Ládòkun, ó lè gbàgbé oúnjẹ, kì í gbàgbé ọkọ́, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ dè mí ni. Mo jókòó ti ọkọ́ náà títí oòrùn fi yí, n kò lè fọwọ́ kàn án.

Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ nílé, bá mi fi ọṣẹ ránṣẹ́, àti bàtà onírọ́bà tó rọ̀, nítorí gìgísẹ̀ mi ṣì ń bínú sí ilẹ̀, àti owó ọkọ̀ díẹ̀ kí n lè padà lọ sí Ṣakí lọ́jọ́ inú káàdì, Inṣáálà. Ọlọ́run yóò dá ọ lóhùn kí o tó parí àdúà. Ilẹ̀ yóò rọ̀ níbi tí o bá fi ọkọ́ rẹ sí. Ìwọ kò ní bá ọ̀rẹ́ rẹ jà nítorí ohun tí o fi ẹnu ara rẹ jẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràsáàkì Àdìgún.

Àjọkẹ́, mo ti fọwọ́ sí i tán kí n tó rí i pé n kò tíì béèrè ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Ìyá rẹ ní bí mo ṣe pariwo ẹ̀sùn náà ni kí n pariwo ẹ̀bẹ̀, lójú ilẹ̀kùn kan náà, kí n sì ka ti wàrà mọ́ ọn. Bí mo bá kà á, Bàbá Wàrà ni wọn yóò máa pè mí títí wọn yóò fi sin mí. Bí n kò bá kà á, tí mo kàn ní àìsàn ni, Jẹ́ẹ́dé ti gbọ́ láti Ṣakí pé ọ̀nà méjì ló ń gbà wọlé, o sì mọ èyí tí ìlú yóò yàn fún mi. Òjò kan tàbí méjì péré ló kù, ìdajì ilẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé n óò gbé ọkọ́ náà lọ fún Ládòkun. Ìwọ tó kàwé, gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí òun jókòó, tí ológbò yẹn náà jókòó tì í, tí àwọn méjèèjì jọ ń wò mí, ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀?